Àlọ-Àbọ̀ Ọjọ́ Kan

Òkè-Àdàbà,
Ọjọ́rú.

Safiyyah ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó máa bá ọ gbé ní Bódìjà níbẹ̀. Ṣé dáadáa ni o wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn tí ẹ jọ ń gbélé ńkọ́? Dùgbẹ̀ tí o ń lọ lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ rẹ ò ní ṣì rìn níbẹ̀, o ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àmín. Àwa náà wà, a ò lè sọ pé a ò sí. Orúnkún ń dùn mí, ìyá rẹ ń fi ọwọ́ wá ògiri kiri, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jí yẹ kó dúpẹ́.

Ó rẹ̀ mí, ọmọ mi. Bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, ó rẹ̀ mí, àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí ní Sátidé, bí èmi ò bá sọ ọ́ fún ọ, ẹlòmíràn á sọ ọ́ lódìlódì.

Àwọn ọmọ kan wá láti Ìbàdàn. Wọ́n á tó ogún nínú bọ́ọ̀sì kan, oníkálukú gbé kámẹ́rà kọ́rùn, ti ẹlòmíràn gùn tó ọmọ odó. Mo kọ́kọ́ rò pé ìjọba ni, pé wọ́n fẹ́ wá wọn ilẹ̀ kí wọ́n wó ilé wa. Ọ̀gá wọn, Jóṣúà lórúkọ rẹ̀, dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní rárá o, Bàbá, ó ní òkè wa àti àwókù ààfin àtijọ́ tó wà lókè lọ́hùn-ún ni àwọn wá yà ní fọ́tò. Mo ní ta ló rán yín? Ó ní kò sẹ́ni tó rán àwọn, pé ṣe ni àwọn sanwó kí àwọn lè wá. Safiyyah, mo jókòó. Àpáta tí mo ti ń wò láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, tí kò sẹ́ni tó fún mi ní kọ́bọ̀ torí rẹ̀ rí, òun ni ọmọ ọlọ́mọ ń sanwó láti wá wò.

Wọ́n gun òkè, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí mo kí ìrun Àsárì tán. O mọ̀ pé ìdí àtẹ̀gùn òkè náà gan-an ni ilé wa wà, nítorí náà ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni wọ́n ti sinmi. Jóṣúà rí ìyá rẹ lórí àpótí, ó ní àwọn fẹ́ ṣúùtù Màmá. Mo dìde fùú. Ohun tí mo mọ̀ tí wọ́n ń ṣúùtù ni bọ́ọ̀lù àti ẹtu. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní fọ́tò náà ni, wọ́n wá gbé fọ́ọ̀mù fún mi pé kí n kọ ọ́ láti fi hàn pé mo gbà. Mo kọ orúkọ mi, mo kọ ti ìyá rẹ. Wọ́n tún ní kí n kọ ímeèlì mi. Mo rò ó dáadáa, mo kọ máìlì mẹ́rin, torí láti ojú títì dé ilé wa, máìlì mẹ́rin ni, àfi tí èèyàn bá gba ọ̀nà oko Adéróunmú. Jóṣúà wò ó, ó ká a sápò. Ó jọ pé ó tọ̀nà.

Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Olúkẹ́mi. Ó jẹ́ kí n fi ojú sí kámẹ́rà rẹ̀, mo sì rí ẹyẹ tó bà sórí àpáta bí ẹni pé ọwọ́ mi ló bà lé. Mo bi í pé èló ni gíláàsì yẹn nìkan, kí wọ́n bá mi fi méjì sójú ìyá rẹ. Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá. Mo ní ó dáa. O ò mọ bí ojú yẹn ṣe dà báyìí. Nọ́ọ̀sì ní nǹkan funfun ló bò ó, pé tí a bá tètè mú un lọ bá àwọn dókítà ojú ní Jẹ́ríkò n'Ìbàdàn níbẹ̀, wọ́n á ṣí i kúrò, ká má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́ jù. Ìyá rẹ ní òun ò lọ, àfi tí Safiyyah bá wá mú òun. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó sú mi. O mọ orí kunkun rẹ̀, ibẹ̀ lo ti mú tìrẹ. Tí o bá pè wá tán, kì í jẹ́ kí n gbé fóònù náà kúrò létí òun, ó ní o ṣì wà nínú ẹ̀.

Olúkẹ́mi wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ láti yà á, ó ní Màámi, ẹ wo ibí. Bó ṣe pe Màámi yẹn, ohùn rẹ ni mo gbọ́. Ìyá rẹ nawọ́, ó di ojú ọmọ náà mú, ó ń fi àtàǹpàkò tọ́ imú rẹ̀, ó ní Safiyyah, o mà rù o. Ó ní kí n bu ẹ̀wà wá, mo bù ú wá, ọmọ ọlọ́mọ jẹ ẹ́ tán porogodo. Ọwọ́ ìyá rẹ kan itan rẹ̀, ó ní kí ló dé tó fi jẹ́ ṣòkòtò lo wọ̀ wálé? Ọmọ náà ní ẹ má bínú, Màámi. Ìyá rẹ wá bi í pé ìgbà wo lo máa mú mi lọ sí Jẹ́ríkò? Ọmọ náà wò mí. Mo wo ilẹ̀. Ó ní tí òun bá padà wá ni.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ wọ ọkọ̀, Olúkẹ́mi ń sunkún, ó ní òun ò mọ bí òun ṣe máa sọ pé òun kọ́ ni. Mo ní kò burú, èmi náà ò mọ̀ ọ́n sọ.

Oòrùn ti ń rọ̀, mo bi Jóṣúà níbo ni wọ́n á sùn, mo ti ń ronú ẹní tí mo máa tẹ́. Ó ní àwọn ò ní í sùn, ilé yá. Ó fi ohun tí wọ́n kọ sára bọ́ọ̀sì hàn mí, ó túmọ̀ rẹ̀ fún mi pé àlọ-àbọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní aago méje àárọ̀ ni àwọn kúrò níwájú ọjà Bódìjà. Mo ní Bódìjà wo? Ó ní ṣé Bódìjà méjì ló wà ni. Safiyyah, ṣé kì í ṣe ẹ̀yìn ọjà yẹn lo sọ pé ilé rẹ wà? Ọdún mẹ́rin lo ti ń sọ fún wa pé ọ̀nà jìn, mo sì gbà ọ́ gbọ́. Èmi náà ni mo ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé ẹni tó bá ń bọ̀ láti Bódìjà ní láti sùn sọ́nà. Ojú tì mí. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Mi ò bá ọ jà, kò sí agbára ìjà lára mi. Mo tún rò ó pé bóyá ẹ̀bi rẹ kọ́, bóyá òfin ti yí padà ní ìgboro, tí wọn kì í jẹ́ kí èèyàn wá sí òkè yìí mọ́ àfi tó bá kọ fọ́ọ̀mù tó sì sanwó. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo ti bá ọ ṣe é. Owó tí wọ́n fún ìyá rẹ torí fọ́tò, mo fún Jóṣúà padà kó fi di ìjókòó kan mú fún ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, torí èébì. Ó kọ̀, mo tì í bọ̀ ọ́ lápò. Wọ́n tún ń bọ̀ ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù tó ń bọ̀. Mo gba fọ́ọ̀mù mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ rẹ ti wà nínú rẹ̀. Mi ò mọ máìlì tìrẹ, mo fi àyè rẹ̀ sílẹ̀.

O mọ̀ pé ibí yìí ni mo máa ń béèrè owó. Lọ́tẹ̀ yìí, má fi owó ránṣẹ́. Ara rẹ ni kí o fi ránṣẹ́.

Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Ìyá rẹ ti sọ fún Nùsírátù ará ilé kejì àti gbogbo ẹni tó ń kọjá pé Safiyyah wálé. Láti Sátidé ló ti ń sùn dáadáa. Mi ò lè sọ fún un pé ìwọ kọ́. Nítorí náà, fi í sọ́kàn pé o jẹ ẹ̀wà, o sì jẹ ẹ́ tán. Ṣòkòtò lo wọ̀, ó ti dárí ẹ̀ jì ọ́. O ti ṣèlérí Jẹ́ríkò. Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ, ojú wa á ríra. Bí o bá wọlé, má sunkún, má sì sọ pé ó ti pẹ́. Sọ pé Màámi, mo ti padà dé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sàláwù.