Ibi Tí A Kò Ní Ẹnì Kankan

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé ọdún kẹta rèé tí ẹ ti papò dà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kí yín bí mo ṣe máa ń kí yín nígbà tí ẹ bá ti ọjà Adjamé dé ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹ bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà, tí ẹ kọ́kọ́ béèrè omi tútù kí ẹ tó béèrè ẹnikẹ́ni nínú wa. Inú mi dùn lónìí ju kí n pa á mọ́ra lọ. Màámi ti gbọ́ ìròyìn yìí tó ìgbà mẹ́wàá. Síkírá àbúrò mi ní kí n jọ̀ọ́ kí n fi òun lọ́rùn sílẹ̀. Ó wá ku ẹ̀yin.

Mo ń lọ kọ́ òfin sí i lókè òkun! Nígbà tí mo parí licence, ìyẹn oyè àkọ́kọ́ mi nínú ìmọ̀ òfin, ní Abidjan níbí, ilé ìwé márùn-ún ni mo kọ̀wé sí. Mẹ́ta fi ọ̀rọ̀ dídùn kọ̀ mí, méjì gbà mí. Ọ̀kan wà ní Lyon nílẹ̀ Faransé, ọ̀kan wà ní ìlú kékeré kan ní ìlà oòrùn Kánádà, ìyẹn sì ti fún mi ní owó ìrànwọ́. Ti Lyon rọrùn: irú òfin tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, ọdún kan péré ni, Bọ̀ọ̀dá Kàmọ́rù ọmọ ẹ̀gbọ́n yín sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti yàrá kan tó ṣófo. Ṣùgbọ́n ti Kánádà ni ọkàn mi fà sí. Ọdún mẹ́ta gbáko ni. Irú òfin tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà ni wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀, èdè Faransé ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọ. Ẹ ro ó wò, Bàbá. Òfin ilé yín, ní èdè ibi tí ẹ bí mi sí. Ẹni tó bá mọ òfin méjèèjì lè dúró láàárín oníṣòwò Adjamé àti oníṣòwò Èkó, kí ó jẹ́ kí ohun tí wọ́n fọwọ́ sí yé tọ̀tún tòsì. Nígbà tí mo kà á tán, mo dìde, mo jó yí àga po, mo tún jókòó, mo tún un kà.

Wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó gbà mí. Iná ti lọ nílé lọ́jọ́ náà, ni mo bá sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníńtánẹ́ẹ̀tì kan ní Abobo Gare. Bí obìnrin olùkọ́ náà ṣe ń bi mí ní ìbéèrè ni àwọn tó ń pe èrò sí bọ́ọ̀sì ń lọgun Adjamé, Adjamé, lẹ́yìn mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó béèrè bóyá ọdún là ń ṣe. Mo ní rárá, ìlú wa ni.

Ẹ̀yin náà lẹ fà á tí mo fi fẹ́ràn òfin. Gbogbo ìwé tó bá ti mairie, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, wá, gbogbo ìwé tí onílé ṣọ́ọ̀bù bá mú wá, èmi lẹ máa ń pè. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ẹ ó jókòó sórí páálí ìkòkò tí ẹ ń tà, ẹ ó gbójú sókè bí ẹni tó ń gbọ́ wáàsí, bí mo bá kà á tán, ẹ ó ní kí n tún un kà. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún yín. Àwọn ọ̀rọ̀ gígùn tí n kò mọ̀, fífò ni mo máa ń fò wọ́n. Nígbà mìíràn, màá fi ti ara mi dí àlàfo wọn. Ìgbà kan wà tí mo ní ìjọba ń kí yín kú iṣẹ́, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n ní kí ẹ kó ìkòkò yín kúrò lójú ọ̀nà ni. Ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ fọwọ́ pa mí lórí, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì mọ́, gbogbo ìkòkò ti wà nínú ilé. Ta ló kà á fún yín lẹ́yìn mi? Kí ló dé tí ẹ kò bá mi wí?

Ẹ mọ àwọn èèyàn wa. Àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Abidjan, bí ọmọ kan bá fẹ́ rìnrìn àjò, a kì í béèrè bóyá ibẹ̀ dára. Ohun tí à ń béèrè ni pé ta la ní níbẹ̀. Ẹ̀yin gan-an lẹ le jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ ò rántí ìgbà tí kíláàsì wa fẹ́ lọ sí ìlú Korhogo ní àríwá? Ẹ kọ̀ jálẹ̀, àfìgbà tí ẹ wá télọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan rí níbẹ̀, tí baba náà wá dúró de bọ́ọ̀sì wa pẹ̀lú ìrẹsì nínú kúlà. Ojú tì mí lọ́jọ́ náà lójú àwọn ẹgbẹ́ mi. Ìrẹsì náà sì dùn, n kò ní purọ́.

Ní ìlú Kánádà yẹn, a kò ní ẹnì kankan. Mo wá a títí. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn ará wa ní àdúgbò Treichville, mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ní ọmọ ní Amẹ́ríkà, kò sí. Ilé ìwé méjèèjì sì ní kí n dáhùn kí oṣù tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn óò fi àyè mi fún ẹlòmíràn. N kò lè fò kọjá àwọn àgbà. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, Alàájì Súlè ọ̀rẹ́ yín ló ń ṣe baba fún wa, ta ni yóò fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú láìgba àdúrà lẹ́nu baba?

Wọ́n pé sí pálọ̀ wa ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tó kọjá, Alàájì Súlè àti àgbà méjì mìíràn nínú ẹgbẹ́ wa. Àga yín ni Alàájì jókòó lé, òun nìkan ló láyà á. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀.

"Ma fille, ọmọ mi, a ti gbọ́," Alàájì wí. "Kánádà dáa. Ta la ní níbẹ̀?"

"Alàájì, a ò tíì ní ẹnì kankan níbẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Lyon ni. Kàmọ́rù á wá pàdé ẹ ní aéroport, á gbé ẹ lọ sílé, fini."

Àwọn méjì yòókù mi orí sí i. Gbogbo ohun tí mo ti tò sílẹ̀ nínú ọkàn mi nípa òfin méjèèjì sá lọ. Omijé dé ojú mi, mo wolẹ̀ kí wọ́n má baà rí i. Ó dun mí gan-an, Bàbá, torí mo mọ̀ pé bí ẹ bá wà níbẹ̀, ohun tí ẹ̀yin náà máa sọ nìyẹn.

Màámi wà ní igun kan, ó ń pa ẹ̀pà. Ẹ mọ̀ pé kì í dá sí ọ̀rọ̀ níbi tí àwọn ọkùnrin bá ti ń sọ̀rọ̀. Kò tilẹ̀ gbójú kúrò nínú àtẹ ẹ̀pà rẹ̀.

"Alàájì, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ dé Abidjan, ọ̀dọ̀ ta lẹ dé sí?"

"Ọ̀dọ̀ bàbá ọmọ yìí ni. Ta ni ò mọ̀? Deux ans, ọdún méjì gbáko, ni mo fi sùn lórí ẹní rẹ̀."

"Òun ńkọ́? Ọ̀dọ̀ ta lòun dé sí?"

Màámi bá sọ ọ́, èyí tí ẹ kò sọ fún mi rí láyé yín. Ó ní lẹ́tà kan lẹ mú bọ̀ láti ilé, tí ẹ óò fi wá ọkùnrin kan ní Treichville. Ẹ dé ibẹ̀, ẹ bá a pé ọkùnrin náà ti kó lọ sí Bobo nílẹ̀ Burkina láti oṣù méjì. Ẹ jókòó lórí ẹrù yín títí tí wọ́n fi pe àdúrà Alásàrí, ẹ sì sun oorun ọjọ́ mẹ́ta níwájú mọ́ṣáláṣí. Obìnrin Jùlá kan tó ń ta ògì ló bu ògì fún yín láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, tó tún kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn láàárọ̀ ní èdè wọn. Láti ọjọ́ náà lẹ ti búra pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kankan kò ní jókòó lórí ẹrù mọ́ ní ìlú yìí.

Àṣé ohun tó fà á nìyẹn tí àjèjì kì í fi í tán ní pálọ̀ wa. Gbogbo ìgbà tí ẹ ní kí n dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mi fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, inú máa ń bí mi sí yín, mo sì di ìbínú náà sínú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé ojú ń tì yín láti sọ ọ́ ni, àbí ẹ kò fẹ́ kí àánú yín ṣe wá?

Alàájì ṣí fìlà, ó fọwọ́ ra orí, ẹ̀rín bá gbé e.

"Ìyá ọmọ, ẹ ti mú mi. Ẹ ti mú mi gidi! Bon. Ṣé mọ́ṣáláṣí wà níbẹ̀?"

Mo ní ó wà, mo ti wò ó, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Wọ́n béèrè òtútù, wọ́n béèrè oúnjẹ, lẹ́yìn náà wọ́n ṣí ọwọ́ àdúrà. Síkírá tó ti ń fetí sí wa láti ilé ìdáná bú jáde: "Grande sœur, kò séwu mọ́, y a pas drap!" Kò tilẹ̀ jẹ́ kí àwọn àgbà ṣe àmín tán. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo dá ilé ìwé Kánádà lóhùn pé mò ń bọ̀. Ọwọ́ Màámi wà ní èjìká mi, gbogbo rẹ̀ kún fún òórùn ẹ̀pà.

Ẹ̀rù ń bà mí, n kò ní tan yín. Ayọ̀ tó wà nínú mi ló kàn pọ̀ jù ú lọ.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọ̀rẹ́ yín ṣe. Ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn ìpàdé yẹn, ó ti pe àbúrò rẹ̀ ní Bouaké, ẹni tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ń kọ́ òfin. Ó ní kí ọmọ náà kọ̀wé sí Kánádà fún ọdún tó ń bọ̀, kí wọ́n má fòyà, ọmọ wa wà níbẹ̀. Èmi tí n kò tíì ra ẹ̀wù òtútù! Ọmọbìnrin náà pè mí lánàá. Ó béèrè bóyá òun lè dé sọ́dọ̀ mi. Mo ti ní kó máa bọ̀ kí n tó rántí pé n kò tíì ní ilé.

Èmi ni, àkọ́bí yín, tí ìfẹ́ yín kún inú rẹ̀ fọ́fọ́.