Bí Mo Ṣe Fi Irọ́ Ya Mùjídàt àti Bàbá Rẹ̀

Ojúlé Kọkàndínlógún,
Ìtòkú, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2025.

Sìlífátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá, ṣé ó ti ń fúyẹ́? Ara tiwa le, àmọ́ ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

O rántí pé ìwọ lo bá mi jẹ́rìí ní ọ́fíìsì wẹ́fíà pé Saheed kò yọjú sí ọmọ rẹ̀ látìgbà tí a ti pínyà. Ohun tí mo sọ fún ọ lo sọ. Irọ́ ni. Gbogbo Sátidé ni Saheed ń wá sí ìsọ̀ mi. Màá ní Mùjídàt ti lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ọ̀fàdà. Owó oúnjẹ tó bá mú wá, màá gbà á. Bí ọmọ bá wá béèrè bàbá rẹ̀, màá ní kò ráyè tiwa mọ́. Inú ló ń bí mi pé ó fẹ́ ìyàwó mìíràn.

Lánàá, Mùjídàt ń bá mi sá aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ láró lẹ́yìn ìsọ̀. Ó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀, ó sáré jáde. Saheed ní, "Ṣebí wọ́n ní o wà ní Ọ̀fàdà?" Ọmọ yíjú sí mi: "Mọ́mì, ẹ ní wọn kì í wá."

Gbogbo àwọn tá a jọ ń tajà ń wò wá. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Saheed kò bú mi o. Ó fi áńkáṣíìfù nu aró lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó ní, "Jọ̀ọ́, Ìyá Mùjídàt, ṣé mo lè mú un dé ọ̀dọ̀ mi ní Ìgbẹ̀ìn? Aago mélòó lo fẹ́ kí n dá a padà?" Ọwọ́ ni mo fi júwe pé kí wọ́n máa lọ.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, màá lọ sọ òótọ́ ní wẹ́fíà, pé èmi ni mo tì ọ́ sínú irọ́. Jọ̀ọ́, foríjì mí.

Mùjídàt ti dé. Ó ń kí mi, ó ń jíṣẹ́ tí mo bá rán an. Àmọ́ láàárọ̀ yìí, mo sọ fún un pé òjò ti dá. Ó kọ́kọ́ lọ yọjú lójú fèrèsé kó tó gbà.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó ṣẹ̀ ọ́,
Bùsírátù.