Orúkọ Tí Bàbá Gbé Lọ sí Kóòtù

Djerba

Ẹ̀gbọ́n mi Béchir,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ ní Marseille. Oògùn yín ti mú kí orúnkún Màmá fúyẹ́. Ó ti ń ká ólífì.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé Bàbá lọ sí kóòtù, kí wọ́n yọ "Atig" kúrò nínú orúkọ wa, kí àwa aláwọ̀ dúdú yé jẹ́ orúkọ tó túmọ̀ sí "ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀".

Akọ̀wé ní, "Bàbá, ṣebí orúkọ lásán ni?"

Bàbá ní, "Ó dáa, ọmọ mi, gbà á kí o máa jẹ́ ẹ."

Adájọ́ fọwọ́ sí i.

Lánàá, Bàbá ní kí n kọ orúkọ òun sára ilẹ̀kùn. Ó dúró tì mí títí ọ̀dà fi gbẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí orúkọ inú ìwé àwọn ọmọ padà. Ọlọ́run á ṣọ́ yín.

Àbúrò yín,
Mabrouka