Ìrìn Tí Lami Ń Rìn Dípò Mi

Ilé Oníkéú,
Ìlọrin.
Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Iléyá.

Sakinah ọmọ mi,

Asàlámù àlékùn. Èmi ìyá rẹ ni mo mú gègé fúnra mi o, má wulẹ̀ máa wò ó pé ọwọ́ ta nìyí, ìka mi ò le mọ́ bíi ti àtijọ́, àwọn ọ̀rọ̀ á sì máa gun orí ara wọn. Báwo ni ilé? Báwo ni Tahir ọkọ rẹ? Ṣé Barakah ọmọ-ọmọ mi ti hu eyín iwájú yẹn? Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí ojú pọ́n yín ní Èkó, ilẹ̀ tí ẹ bá tẹ̀ kò ní gbóná mọ́ yín, àìsàn tó bá ń jà kò ní mọ ojúlé yín, wàá bí èyí tó kù lẹ́yìn Barakah, wàá sì tọ́ wọn yè, nítorí ọlá Ànábì. Ṣe àmín kí o tó máa kà lọ, mo ń dúró.

Ilé wà. Òjò ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àáfà Habibullah tí ojúlé wọn kángun sí tiwa ń kí ọ, ikọ́ wọn ti lọ sílẹ̀. Àgbò tí Tahir fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ ti dé, ó dúdú láti orí dé ìrù, mo so ó mọ́ igi dóńgóyárò ẹ̀yìn ilé, ó ń wò mí, èmi náà ń wò ó, a ò mọ ohun tí a lè bá ara wa sọ. Bàbá rẹ ni wọ́n máa ń bá àgbò ṣeré nínú ilé yìí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí àgbò ni mo ṣe ń kọ̀wé. Torí ohun tí o sọ fún mi lórí fóònù lánàá ọjọ́ Àlàmísì ni, pé o ò ní wá sílé fún Iléyá mọ́, nítorí pé ọkàn rẹ ti balẹ̀ lórí mi. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ fèsì, ojú lọ̀rọ̀ wà, bí kò bá sì ti sí ojú, ìwé sàn ju fóònù lọ, torí nínú fóònù kí n tó mí lẹ́ẹ̀kan o ti ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa.

O rántí ohùn tí o fi ránṣẹ́ nígbà tí a parí ààwẹ̀. O ní àsìkò ọdún ni èèyàn máa ń fi ìlera rẹ̀ ṣòfò, pé wọn á jókòó sójú kan, wọn á máa jẹ ẹran ọlọ́ràá, wọn á máa mu mínírà, ẹ̀jẹ̀ á ru sókè, kí n máa rìn, kí n máa mu omi, kí n sá fún ọ̀rá àgbò. Mo ń dá ọ lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan o. Mo ní mo ti dín iyọ̀ kù. Ìwọ kò dúró gbọ́, ńṣe lo ń sọ̀rọ̀ borí ọ̀rọ̀ mi, inú bí mi, mo ní èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó àbúrò bàbá rẹ, Ummu Salamah, ló wá sọ fún mi pé ohùn tí wọ́n fi pamọ́ ni, pé o ti sọ ọ́ láti ọ̀sán, o ti lọ síbi iṣẹ́. Láti ìgbà náà, bí ilé bá ti dákẹ́ jù, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ kó sọ̀rọ̀. Mi ò dá a lóhùn mọ́, ṣùgbọ́n mo ṣì máa ń wí pé hùn-ún, kó má baà dà bíi pé mo fojú di ọ́.

Lẹ́yìn náà ni Danjuma awakọ̀ gbé aago dé láti ọ̀dọ̀ rẹ. O ní kí n máa so ó mọ́ ọwọ́, kí n máa fi rìn láràárọ̀, pé bí mo bá rìn ní Ìlọrin wàá rí i ní Èkó, pé síìmù wà nínú rẹ̀, pé ó tún ń gbọ́ ìlù ọkàn mi fún ọ. Mo ní Ọlọ́run tóbi. Ìgbà tí mo ń pọ̀n ọ́, ẹ̀yìn ni mo fi ń gbọ́ ìlù ọkàn tìrẹ, ó wá kan tèmi. Ṣùgbọ́n ìwọ náà ò ro ọ̀rọ̀ aago yẹn já. Bí mo bá fẹ́ wẹ̀, àfi kí n kọ́kọ́ bọ́ ọ, kí n dojú rẹ̀ délẹ̀, kí n fi ìborí bò ó, torí bóyá Tahir jókòó tì ọ́ lásìkò náà, àna mi ni, kò gbọdọ̀ rí ìhòòhò mi. Iná aláwọ̀ ewé kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń ṣẹ́jú, mo ní ojú rẹ nìyẹn. Mo máa ń gbé e súnmọ́ ẹnu kí n bi í bóyá o ti jẹun.

Ìrìn gan-an wá di ìṣòro. Mo gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, mo dé ẹnu títì, mo padà. Mi ò lè ṣe é. Ohun tó fà á, màá sọ ọ́ níwájú, jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mi ò sì fẹ́ kí aago jókòó sójú kan kí àyà rẹ máa já. Ni mo bá rántí ìyá bàbá rẹ. Nígbà tí ẹsẹ̀ ìyá yẹn ò gbé wọn dé Mẹ́kà mọ́, ṣebí bàbá rẹ ni wọ́n wá ẹnìkan tó ti ṣe hájì tiẹ̀ rí, pé kó bá ìyá ṣe é ní badal. Ẹni yẹn lọ, ó yí Káábà po, ó rìn láàárín òkè Sàfá àti Mọ́rúwà, ìyá jókòó sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, làádá sì bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí. Àlájà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n títí wọ́n fi kú. Mo wá rò ó pé bí èèyàn bá lè bá ni rin ti Mẹ́kà, ta ni kò lè bá ni rin ti Ìlọrin? Mo bi Àáfà Habibullah. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn, wọ́n ní àwọn ò rí ìrìn dókítà nínú kìtábù kankan. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n rí ibi tí kìtábù ti ní kò dáa, wọ́n ní àwọn ò rí ìyẹn náà. Ó parí nìyẹn.

Lami ni mo gbé e fún. O mọ Lami, opó ará Kánò tó ń dín kúlíkúlí níwájú ilé wa, tó máa ń bu èérún fún ọ nígbà tí o wà ní kékeré. Lami ti sanra nídìí agbada, orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu. Mo so aago mọ́ ọn lọ́wọ́, mo kọ́ ọ ní àníyàn tí á máa ṣe lẹ́nu ọ̀nà kó tó gbé ẹsẹ̀, pé ìrìn yìí kì í ṣe tòun, ti Salimat ìyá Sakinah ni. Bí a bá ti kírun àsúbà tán, á ṣe àníyàn, á gbéra. Lọ́jọ́ mìíràn á dé Ọ̀fà Garage, lọ́jọ́ mìíràn á ru kúlíkúlí dé Tanke lọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìwọ á wá pè mí, inú rẹ á máa dùn, wàá ní mo mà kú iṣẹ́ o, wàá ní mo ti dé Tanke lónìí. Màá ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Irọ́ kọ́ o, bí a ṣe ń ṣe badal nìyẹn. Lọ́jọ́ tí o ní ọkàn mi ń lù bíi ti ọmọge, mo sọ fún Lami, ó jó yí agbada rẹ̀ po.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni èmi àti òun jọ lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wa kí ọdún tó dé. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Màsúdát, ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ó we rọ́bà mọ́ mi lápá, ó fẹ́ ẹ, ó wo ojú ẹ̀rọ, ó tún un fẹ́. Ó ní tèmi ga, ó ga ju ti ìgbà tí mo wá kẹ́yìn lọ. Ó wọn ti Lami, ó ní kí Lami kú iṣẹ́, tiẹ̀ ti wálẹ̀. Sùbúhánálláhì! Aṣọ Lami pàápàá ti ń yọ̀ lára rẹ̀, ó ti gbé wọn lọ fún télọ̀ kó bá òun dín wọn kù. Mo bínú sí i ní ọ̀nà, mo ní àfàìmọ̀ kó máà jẹ́ pé ó ń gbàgbé àníyàn. Ó fi Ọlọ́run búra pé òun ò gbàgbé rí. A dúró lẹ́bàá títì, ẹnu ya àwa méjèèjì, a ò mọ ọ̀nà tí ìlera mi gbà tó fi yà sára Lami. Mo padà lọ bi Màsúdát. Ó wò mí títí, ojú rẹ̀ rọ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ìlera ò ní badal, ẹni tó bá rìn ló ni ín, bó ṣe jẹ́ pé ẹni tó bá jẹun ló ń yó.

Mo fẹ́ sọ ọ́ fún ọ nígbà tí o pè lánàá. Kí n tó la ẹnu, o ti ní bí o ṣe ń rí mi tí mò ń rìn káàkiri ìlú yìí, o mọ̀ pé koko lara mi le, pé ọkọ̀ wọ́n, iṣẹ́ pọ̀, kí a fi wíwá rẹ di Iléyá ọdún tó ń bọ̀. Mo ní kò burú. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Ẹsẹ̀ Lami ni kò jẹ́ kí o wálé, Sakinah. Ká ní mo jẹ́ kí aago yẹn jókòó sójú kan ni, ṣebí wàá ti sáré dé. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọ.

Ọdún ti ń pé bọ̀ tí bàbá rẹ lọ. Ọjọ́ kejì Iléyá ni. O mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn ọ̀rá àgbò, mo sọ̀rọ̀ títí, wọ́n ní ọdún ni, kí n fi àwọn sílẹ̀. Wọ́n jẹ ẹran, wọ́n sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀, wọ́n ń gba àlejò. Mo gbé ẹran sàráà lọ sí Adéwọlé. Nígbà tí mo padà délé, wọ́n kí mi kú àbọ̀, ṣùgbọ́n ohùn yẹn wọ́, ẹnu wọn ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kú àbọ̀ yẹn ni wọ́n sọ kẹ́yìn láyé. Mi ò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí.

Ọmọ mi, ẹsẹ̀ ò dùn mí. Mo lè rìn dé Tanke. Àbọ̀ ni mi ò lè bọ̀. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, mi ò jáde rí kí n dé kí bàbá rẹ má kí mi, bí a bá tiẹ̀ ń bínú, wọ́n á kí mi kú àbọ̀, wọ́n á tún padà kọjú sí ògiri. Lọ́jọ́ tí mo dé ẹnu títì yẹn, ó sọ sí mi lọ́kàn pé bí mo bá lọ, tí mo bá dé, ta ni? Mo yára padà kó má baà di pé mo lọ síbì kankan, síbẹ̀ ilé dákẹ́ mọ́ mi lórí. Láti ìgbà tí Lami ti ń rìn, èmi ni mò ń jókòó sí ààyè bàbá rẹ, bó bá dé màá kí i kú àbọ̀, ojú rẹ̀ á dán, ó ti pẹ́ tí ẹnìkan ti kí òun náà. Ó ní ká pààrọ̀, kí òun jókòó kí èmi rìn. Mo ní ó ṣeun, ṣùgbọ́n ohùn ilé wa ni mo fẹ́ gbọ́. Mo sì mọ̀ pé kì í ṣe owó ọkọ̀ nìkan ló ń dá ọ dúró. Láti ọjọ́ fídáù o ò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ilé yìí. Ẹ̀rù ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ń bà ọ́. Ó ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n àjò kì í dùn kí onílé má rèlé.

Bí owó bá wà, bá mi fi ti bàtà Lami ránṣẹ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ tán, ìrìn mi ló jẹ ẹ́. Owó télọ̀ rẹ̀ náà, torí ìlera mi ló fi aṣọ rẹ̀ tóbi. Àti ti oògùn ìfúnpá tí Màsúdát kọ fún mi. Mo ti sọ fún alápatà kó yọ gbogbo ọ̀rá kúrò lára àgbò, ọbẹ̀ ọdún kò ní dán, kí ẹ máà bínú sí mi. Ṣùgbọ́n bí àwọn owó wọ̀nyí àti owó ọkọ̀ rẹ kò bá lè pàdé, jẹ́ kí Lami máa wọ bàtà bẹ́ẹ̀, kí ìwọ wọ ọkọ̀.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ, á ṣọ́ ọkọ rẹ, ọ̀nà kò ní nà yín, ẹ̀mí wa kò ní fi ọdún yìí ṣe àṣekẹ́yìn. Danjuma ni yóò gbé ìwé yìí fún ọ. Lami ti bọ́ aago padà fún mi, ọwọ́ mi ló wà bí mo ṣe ń kọ̀wé. Lọ́jọ́ Àráfà, bí o bá wo fóònù rẹ tí o rí i pé mò ń rìn, èmi gan-an ni o, ẹsẹ̀ mi ni, ìlù ọkàn mi sì ni. Ọ̀fà Garage ni mò ń lọ, níbi tí ọkọ̀ Èkó ti ń já èrò. Bó bá yá tí o rí i pé mi ò rìn mọ́, má jẹ́ kí àyà rẹ já, mo ti dé nìyẹn, ìwọ ni mò ń dúró dè.

Èmi ni ìyá rẹ,
Salimat.