Ẹ̀bẹ̀ Lórí Ìtàn Tuntun Inú Géèmù Èbúté Ìràwọ̀

Ilé Kẹtàdínlógún,
Òpópónà Ẹ̀yìn Èbúté.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Yẹ Fíìmù àti Géèmù Wò,
Àjà Kejì, Ilé Ìjọba.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ SÚN ÌGBÉJÁDE ÌTÀN TUNTUN INÚ GÉÈMÙ "ÈBÚTÉ ÌRÀWỌ̀" SÍWÁJÚ FÚN Ọ̀SẸ̀ MÉJÌ

1. Èbúté ni mo ti fẹ̀yìn tì. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi. N kì í gbá géèmù. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi tí mo ń tọ́, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ló ń gbá a. Ọgbọ́n ogun ni géèmù náà: ẹni tó ń gbá a ni ọ̀gá àwọn ọkọ̀ tó ń fò láàárín ìràwọ̀, òun ni yóò sì pinnu ẹni tí yóò là.

2. Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fi fídíò polówó ìtàn tuntun kan tí yóò jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀. Ọmọ náà pè mí wá wò ó. Mo rí ayé kan tí omi ń bò mọ́lẹ̀, mo rí ọkọ̀ ìkẹyìn, mo sì rí obìnrin kan lẹ́nu afárá tí èrò ń gbà wọ ọkọ̀, fèrè lọ́rùn rẹ̀, tó ń tiro ní ẹsẹ̀ òsì. "Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì" ni wọ́n pè é. Ẹ̀yin Ọ̀gá, orúkọ tí gbogbo àdúgbò ń pè mí nìyẹn, bí mo sì ṣe ń tiro nìyẹn. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n ti sọ mí di ará ìràwọ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi ń kọ ìwé yìí nìyẹn.

3. N kò pe ẹnikẹ́ni lólè. Ẹni tó kọ ìtàn náà ti jẹ́ ayálégbé mi nígbà kan rí, èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni, àfi pé kì í fọ ife tó bá mu tíì tán. Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò há wa mọ́lé ni mo sọ ohun tí n kò sọ fún ẹ̀dá kankan rí. Kò bi mí; ẹnu mi ni. Ẹyin lọ̀rọ̀, mo mọ̀.

4. Ní ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn tí omi ya bo ìlú wa, ọgọ́rin èèyàn ni ọkọ̀ ìkẹyìn lè gbà. Òfin iṣẹ́ wa ni pé kí a ka ìdajì tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan tí a ya kù sọ́wọ́ wa, kì í ṣe orí èèyàn. Bó bá ti pé, kí a fun fèrè, kí a gbé afárá kúrò. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fún mi ní tirẹ̀, mo ya á. Kò wọlé. Ó yí padà lọ mú àpò tó jábọ́ lọ́wọ́ arúgbó kan. Mo ka ìdajì tíkẹ́ẹ̀tì ọwọ́ mi, ó pé ọgọ́rin. A ti jìnnà sí etí omi kí n tó rí i tó ń juwọ́.

5. Ọmọ rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ náà, ọmọ ọdún mẹ́rin. Mo sọ fún un pé bàbá rẹ̀ pẹ́ dé èbúté. Ohun tó ń sọ fún àwọn olùkọ́ rẹ̀ títí dòní nìyẹn. Bàbá rẹ̀ kò pẹ́. Òun ni ẹni kẹta tó dé. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, ìpolówó yẹn sì ti sọ ọjọ́ náà fún mi.

6. N kò ní kí ẹ fòfin de ìtàn náà. Ayálégbé mi yẹn kọ ọ́ dáadáa, kò sì bú mi. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ka ìpolówó náà sí mi létí pé ní ìpele kẹta, ẹni tó ń gbá géèmù fúnra rẹ̀ ni yóò ka tíkẹ́ẹ̀tì, tí yóò tẹ bọ́tìnì tó ń gbé afárá, kí ó tó rí ẹni tó fi sílẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ọmọ náà ń ka ọjọ́ tí yóò jáde. Ó ní òun ò ní fi ẹnì kankan sílẹ̀ ní tòun.

7. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti pè é jókòó láti sọ fún un. Bí mo bá la ẹnu, màá bi í bóyá ó ti jẹun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gba ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ má jẹ́ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé afárá náà kí n tó sọ fún un pé ọwọ́ mi ni.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀,

Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì,
Agbatíkẹ́ẹ̀tì èbúté, tó ti fẹ̀yìn tì.