Ta Ló Mú Bímbọ́lá Kúrò Nílé Ìwé?

Ọláńrewájú àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ ní Lomé. Orúnkún Màmá ti ń rọ̀ wọ́n lọ́rùn l'Óǹdó, wọ́n ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Owó oògùn tó o fi ránṣẹ́ dé.

Bímbọ́lá ọmọ rẹ náà ń jẹun dáadáa níbí l'Ákùúrẹ́, mo sì ń kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ tó ń sọ Faransé máa ń fi "on" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, bí àwa ṣe ń sọ pé "wọ́n" láì dárúkọ ẹnì kankan. Mo ṣàlàyé fún un pé Gẹ̀ẹ́sì lè fi ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí ṣíwájú, kó má dárúkọ ẹni tó ṣe é rárá. Mo ní kó fún mi ní àpẹẹrẹ. Ó ní, "I was taken out of school", pé wọ́n mú òun kúrò nílé ìwé.

Mo bi í pé, "Ta ló mú ọ kúrò?"

Ó wolẹ̀. "Mọ́mì Àkúrẹ́, Dádì ní n má sọ."

Ìsinmi lo sọ fún mi pé ó wá lò. Ẹrù rẹ̀ ti kọ́kọ́ mú mi fura: ta ló ń kó aṣọ Kérésì wá lo ìsinmi nígbà tí Kérésì ṣì jìnnà? Tó bá jẹ́ ìwọ lo mú un kúrò, pè mí kó o sọ ìdí rẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹlòmíì, dárúkọ rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé tí mo fẹ́ fi í sí níbí máa bi mí, mi ò sì ní purọ́ fún un.

Kí Ọlọ́run pa yín mọ́, kó sì fún ọ ní ìgboyà láti sọ òótọ́ fún mi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Oyèbọ́lá