Ojú Ìwé Mọ́kànlélógún Tó Kù

Ajé, 5 Oṣù Kẹfà
Dókítà sọ ọ́ lójú Bàbá. Ojú ọ̀tún ti lọ. Ti òsì ń lọ — oṣù kan, bóyá kó má pé. Nígbà tí a délé, ohun tó bi mí ni pé ojú ìwé mélòó ló kù tí òun ò tíì yẹ̀ wò fún àṣìṣe. Mọ́kànlélógún. Ìtàn ilé wa tó ń kọ láti ìgbà tí Màámi ti kú. Ogójì ọdún ló fi ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Kò sí ìwé tó ń kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ní kà láti ìlà ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí àṣìṣe má baà ríbi sá sí. Mo ní kí n máa kà á fún un. Ó ní, "Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ nìwọ máa kà. Ohun tó wà níbẹ̀ lèmi ń wá."

Ọjọ́bọ̀, 8
Ojú ìwé méjì péré, pẹ̀lú ìyà. Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ni mo tò sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, àmọ́ bí lẹ́tà bá ti tóbi tó fún ojú rẹ̀, àmì orí rẹ̀ á di bàìbàì. Ọ̀nà méjì ló wà. Jẹ́jẹ́ — bí mo ṣe ń pe àwọn ètò tí wọ́n ti dán wò títí, tí kì í yẹsẹ̀. Wàràwàrà — àwọn tuntun tí wọ́n ṣì ń dán wò. Ti Wàràwàrà mọ́ kedere, mo rí i lórí kọ̀ǹpútà Onígíláàsì tá a jọ ń ṣiṣẹ́. Òun náà ló kìlọ̀ pé kí n má da méjèèjì pọ̀.

Àbámẹ́ta, 10
Mo dà á pọ̀. Bàbá ní ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo ní wàràwàrà là ń yọ oko iná. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹyọ ètò kan ni mo pè; kọ̀ǹpútà ní mọ́kàndínláàádọ́fà míì ń bá a bọ̀ — àlejò tó kó gbogbo ará ilé rẹ̀ dání! Ṣé kí wọ́n máa bọ̀? Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni.
Lẹ́tà mọ́ bí omi àfòwúrọ̀pọn. Bàbá ka méje. Ó rí àṣìṣe mẹ́rin, inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn.

Ajé, 12
Mẹ́jọ ló kù.

Ìṣẹ́gun, 13
Kọ̀ǹpútà ní àwọn ètò tuntun dé. Mo gbà wọ́n wọlé, láìronú. Ojú kọ̀ǹpútà ṣú. Òkùnkùn biribiri.

Ọjọ́rú, 14
Kò tàn.

Ẹtì, 16
Mo fẹ́ dá ètò náà padà. Kò ṣeé ṣe: tí mo bá yọ ọ̀kan, ogún á wó tẹ̀ lé e. Onígíláàsì wá wò ó, ó mirí — kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí n tún un tò. Kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ńkọ́? Ilé iṣẹ́ ò jẹ́ ká gbé e jáde. Mo fi ẹ̀dà ìwé náà tó wà lọ́wọ́ mi tẹ lẹ́tà gàdàgbà sórí bébà níbi iṣẹ́. Bébà ò ní iná nínú, Bàbá ò rí i. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè: "Ta ló rán ẹ níṣẹ́?" Kò sẹ́ni tó rán mi.

Àìkú, 18
Àràárọ̀ ni Bàbá ń wá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó ti de bọ́tìnì ẹ̀wù tán. Ṣé ó ti yá? Mo ní ó kù díẹ̀. Irọ́ ni. Mo ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, àmọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń gba ètò wọlé ń fà bí ìgbín, ó ń já, mò ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọgbọ́n ti tán nínú mi.

Àbámẹ́ta, 24
Ó parí. Jẹ́jẹ́ látòkè délẹ̀. Mo ṣí ìwé náà, mo sọ lẹ́tà di ńlá, mo tan iná rẹ̀ débi tó lè dé. Ó mọ́lẹ̀ dé ara ògiri. Bàbá fọwọ́ wá àga, ó jókòó, ó kọjú sí i.
"O ò tíì tàn án ni?"
Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Kò tíì tàn."